Bí Mo Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ Kọ̀ọ̀kan Ní Ìwé Kíkà Láti Ibi Tó Ti Ń Kọsẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Kíláàsì kẹta ni mò ń kọ́. Ẹ wo páálí mẹ́rin tó wà lórí tábìlì yìí: lẹ́tà wà lára ọ̀kan, ọ̀rọ̀ wà lára èkejì, ìpínrọ̀ kékeré wà lára ẹ̀kẹta, ìtàn kúkúrú wà lára ẹ̀kẹrin. Irú rẹ̀ ni Pratham, àjọ kan tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, ń lò ní Íńdíà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni kí ẹ pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ má pè é síwájú kíláàsì, ojú á tì í. Ìpínrọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá kà á geere, ẹ fún un ní ìtàn. Bí kò bá lè kà á, ẹ padà sí ọ̀rọ̀, ẹ̀yìn náà lẹ́tà. Ẹ kọ ibi tó dé sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún ọmọ tó ti há ìwé sórí. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi tó máa ń ka odidi ojú ewé láìdúró. Mo fi bébà bo ojú ewé náà, mo ṣí ọ̀rọ̀ kan péré sílẹ̀: “agbọ̀n”. Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, “a… gí… bí…” Kò mọ̀ pé gbì jẹ́ ọ̀kan nínú lẹ́tà 25 tí a ní. Àṣé àwọn yòókù ló ń tẹ̀ lé lẹ́nu láti ọjọ́ yìí, a ò gbọ́ ohùn tirẹ̀ nìkan rí. Ó dùn mí gan-an.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo ní kó kọ́kọ́ fi ẹnu pe “àgbàdo”. Ó pè é dáadáa. Mo wá fi ṣọ́ọ̀kì pupa kọ gb, mo kọ ìyókù ní funfun: àga, abà, àgbà. Ó ń fi ìka tọ́ ọ, ó ń pè é.

Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ẹ pín wọn síbi tí kálukú dé. Àwọn onílẹ́tà ni kí ẹ jókòó tì, àwọn ló nílò yín jù. Àwọn tó dé orí ọ̀rọ̀ ń fi àmì ohùn dò-re-mí ya agbọ̀n ọjà, agbọ́n tó ń ta ni àti àgbọn jíjẹ sọ́tọ̀. Àwọn tó lè ka ìpínrọ̀ ń kà á fún ara wọn ní méjì-méjì. Ẹ má pe ẹgbẹ́ kankan ní ti olódo o.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti tẹ̀ síwájú, kó bọ́ sí ẹgbẹ́ tó kàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de òpin táàmù.