Ena, Martha àti Hilda: Àwọn Ará Coronation Street Àtijọ́

FỌLÁKẸ́: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará wa tó wà nílùú òyìnbó, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ wa láti ilé. Coronation Street, eré orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí, àwọn ará òpópónà inú eré náà àtijọ́ gan-an. Dípọ̀, ta ni ká kọ́kọ́ mú?

DÍPỌ̀: Hilda Ogden ni, àǹtí. Ta ló tún kù?

FỌLÁKẸ́: Hilda ń bọ̀, má kánjú. Ena Sharples ló lẹ́tọ̀ọ́ sí àga àkọ́kọ́.

DÍPỌ̀: Òótọ́ ni, ẹ má bínú. Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1960 ni Granada, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Manchester, kọ́kọ́ gbé eré náà jáde, Ena sì ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Tony Warren tó dá eré náà sílẹ̀, ọmọ ọdún 24 péré ni. Níbẹ̀rẹ̀, ti ọjọ́ Ẹtì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́ ló ń bọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n. Tí wọ́n bá ti parí rẹ̀, wọ́n á ká ti ọjọ́ Ajé sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òṣèré tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo ìlú ló rí i.

FỌLÁKẸ́: Ìdí nìyẹn tó fi gba ẹni tí ojú rẹ̀ ti là. Violet Carson tó ṣe Ena ti pẹ́ nídìí rédíò BBC, ó ń kọrin, ó ń tẹ dùùrù. Wo bó ṣe wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Florrie Lindley ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù igun òpópónà ni. Ena dé tòun ti kóòtù rẹ̀ àti nẹ́ẹ̀tì tó fi bo irun, ó ń wádìí ìjọ tí obìnrin náà ń lọ bí ẹni pé òun ló ni àdúgbò. Ó wá ní kó di kéèkì kéékèèké mẹ́fà fún òun, kó má sì fi éclair kankan sí i. Ìran kékeré kan, o ti mọ ẹni tó ń pàṣẹ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju kó máa tọ́jú gbọ̀ngàn ìjọ Glad Tidings lọ.

DÍPỌ̀: Àti yàrá kékeré yẹn nílé ọtí Rovers Return! Òun, Minnie Caldwell àti Martha Longhurst, ife sítáòtì níwájú wọn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́: Ena ń dájọ́, Martha ń tọ pinpin ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, Minnie á wá sọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kan tó máa bí Ena nínú.

FỌLÁKẸ́: Ìyẹn gan-an ni àwọn tó ń ṣe eré náà fọwọ́ ara wọn bà jẹ́ lọ́dún 1964. Wọ́n ní kí Martha kú. Àríyá ń lọ lọ́wọ́ nílé ọtí, ó dá jókòó sínú yàrá yẹn, ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tó ń múra àtirìnrìn àjò lọ sí Spain. Orúkọ àwọn òṣèré yí lọ lẹ́yìn eré láìsí orin. Ìran náà lágbára, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹni mẹ́ta ni ìjókòó yẹn: lónìí méjì á gbè sẹ́yìn ara wọn, ẹnì kẹta á dá dúró, lọ́la wọ́n á pààrọ̀. Nígbà tó ku méjì, Ena jágbe, Minnie dákẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, wọ́n wá yọ ọ̀kan.

DÍPỌ̀: Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọdún 1964 yẹn náà ni Stan àti Hilda Ogden kó wọ ojúlé 13.

FỌLÁKẸ́: O ti rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ Hilda rẹ. Ó yá, sọ ọ́.

DÍPỌ̀: Jean Alexander ló ṣe é. Hilda ń nu ilẹ̀ ní Rovers, Stan ń fọ fèrèsé nígbà tó bá wù ú. Ẹ wo orí Hilda: rólà níwájú irun, ìborí lórí rẹ̀, látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ ohun ìjà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni Jean Alexander fi ṣe àwòkọ́ṣe. Wọ́n máa ń fi rólà sórí síbi iṣẹ́ kí irun lè ti wà ní sẹpẹ́ bí ẹnì kan bá pè wọ́n jáde lálẹ́. Hilda ń múra sílẹ̀ fún òde tí kò sẹ́ni tó pè é sí, ọdún ń gorí ọdún.

FỌLÁKẸ́: Háà, ìyẹn wọni lára. Tún wo ògiri pálọ̀ rẹ̀: àwòrán òkè ńlá tó gba gbogbo ògiri, pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta tó ń fò lórí rẹ̀, ọ̀kan sì wọ́. Ẹni tó fẹ́ràn ohun tó dára, tí apá rẹ̀ kò ká a. Kò sí ẹni tó ní láti fẹnu sọ ọ́.

DÍPỌ̀: Àǹtí, ti gíláàsì ojú Stan ńkọ́?

FỌLÁKẸ́: Jẹ́ ká fara balẹ̀ síbẹ̀. Bernard Youens tó ń ṣe Stan kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1984. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ya ìran ìdágbére láàárín tọkọtaya mọ́. Nígbà tí wọ́n sin Stan nínú eré lóṣù Kọkànlá, àwọn èèyàn ti lọ, ó ku Hilda nìkan nídìí tábìlì pẹ̀lú ẹrù ọkọ rẹ̀ tí ọsibítù dì fún un. Ó ń tú u. Ó kan àpò gíláàsì ojú. Ó ṣí i, gíláàsì Stan rèé. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀n ọ́n.

DÍPỌ̀: Kò sí ẹni tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

FỌLÁKẸ́: Iṣẹ́ tí ìran náà ṣe nìyẹn. Ogún ọdún ni obìnrin yìí fi pariwo mọ́ ọkọ rẹ̀ lórí ọ̀lẹ. Ká ní wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí i lẹ́nu, ì bá ti bà á jẹ́. Ẹgbẹ́ Royal Television Society fún Jean Alexander ní àmì ẹ̀yẹ lọ́dún 1985. Nígbà tí Hilda kúrò ládùúgbò lọ́jọ́ Kérésìmesì 1987, wọ́n ṣírò àwọn tó wò ó ju mílíọ̀nù 26 lọ.

DÍPỌ̀: Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ti àtijọ́ báyìí, ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

FỌLÁKẸ́: Kó má bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìsìnkú Stan o. Tí kò bá tíì rí ìjà wọn, obìnrin tó ń sunkún nìkan ló máa rí. Kó kọ́kọ́ wá àwọn tí Hilda ti ń lé Stan lọ síbi iṣẹ́, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó, kó máa wo bí Bernard Youens ṣe ń jókòó sórí àga láì dáhùn. Lẹ́yìn náà ni kó lọ wo ti 1984.

DÍPỌ̀: A ò tíì dé ọ̀dọ̀ Bet Lynch tó ń ta ọtí ní Rovers.

FỌLÁKẸ́: Bet pẹ̀lú yẹtí rẹ̀ àti aṣọ aláwọ̀ àmọ̀tẹ́kùn? Ìyẹn tó odidi ètò kan. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.