Ẹ Bi Iná Tó Sun Ìkòkò: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Ìkòkò Tíì Alámọ̀ ti Ilẹ̀ Jàpáànì

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ìkòkò pupa kékeré tó wà lórí tábìlì yìí ni àwọn ará Jàpáànì ń pè ní kyusu. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkúùkù mi lọ, ife kékeré méjì péré ló ń kún, ọwọ́ rẹ̀ sì yọ láti ẹ̀gbẹ́, kò sí lẹ́yìn bíi ti kẹ́tùlù. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan dì í mú, àtàǹpàkò ọwọ́ kan náà ni yóò fi tẹ ọmọrí rẹ̀ mọ́lẹ̀ bó bá ń da tíì. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ ni ẹ pè mí wá sọ, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ohun kan ṣoṣo ni mo gbà gbọ́ nípa rẹ̀: kí a kọ́kọ́ mọ irú iná tó sun ìkòkò kí a tó máa ka èèwọ̀ fún ẹni tó ni ín.

Tokoname ni wọ́n ti mọ èyí, ìlú etíkun kan ní ìpínlẹ̀ Aichi. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá ni wọ́n ti ń sun amọ̀ níbẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní Ààrò Àtijọ́ Mẹ́fà. Àmù ńlá ńlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń ṣe páìpù amọ̀ tí omi ìdọ̀tí ń gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀, débi pé ẹni tó bá ń rìn ní àdúgbò àtijọ́ wọn lónìí yóò rí ògiri tí wọ́n fi páìpù àti ìkòkò tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìkòkò tíì kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1738 ni Nagatani Soen, ní agbègbè Uji, gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n fi ń se ewé tíì tútù pẹ̀lú ooru omi híhó, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ yí i lórí ooru títí yóò fi gbẹ. Ewé yìí, tí à ń pè ní sencha, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lọ̀ kúnná bíi ti ìṣáájú. Rírẹ ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú omi, ohun tí à ń rẹ sì ní láti ní ìkòkò tí yóò gbà á, tí yóò sì sẹ́ ewé rẹ̀ kúrò.

Ní 1854, amọ̀kòkò kan, Sugie Jumon, rí ọ̀nà láti fi amọ̀ pupa Tokoname ṣe ìkòkò tó jọ ti Yixing ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ní 1878, wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọ Ṣáínà kan, Jin Shiheng, pé kí ó wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ lu amọ̀ pẹlẹbẹ kí wọ́n tó kó o jọ di ìkòkò. Mo dúró díẹ̀ lórí èyí nítorí àwọn olólùfẹ́ kyusu kan tó máa ń bínú bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ṣáínà. Kí ni ìtìjú tó wà níbẹ̀? Wọ́n lọ bi ẹni tó mọ̀, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà lọ síwájú títí ìjọba Jàpáànì fi fi Yamada Jozan kẹta, amọ̀kòkò tíì ti Tokoname, joyè Ìṣúra Alààyè ti Orílẹ̀-èdè ní 1998.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Orí kẹ̀kẹ́ tí ń yí ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń mọ ọ́n: ara rẹ̀ lọ́tọ̀, imú tí tíì ń gbà jáde lọ́tọ̀, ọwọ́ lọ́tọ̀, ọmọrí lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ti gbẹ díẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì ń fi asẹ́ amọ̀ tó ní ihò wínníwínní dí ẹ̀yìn imú. Irin tó wà nínú amọ̀ ló ń mú kí ó pupa bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọ inú ààrò. Bí wọ́n bá tún un sun pẹ̀lú èèpo ìrẹsì níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, yóò dúdú. (Àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìlọrin náà ń sọ ìkòkò di dúdú, ṣùgbọ́n omi èèpo èso igi igbá, èyí tí irú ń ti inú rẹ̀ wá, ni wọ́n ń dà sí i bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde.) Iná Tokoname lè kọjá ìwọ̀n Celsius 1,100. Ẹ di òǹkà yẹn mú.

Ibí ni èmi pẹ̀lú àwọn kan ti ń jà. Wọ́n ní ìkòkò tí a kò fi oje dídán bò ń mu tíì, pé tíì ọdún pípẹ́ ló ń mú un dára, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ inú rẹ̀ láéláé. Mo gbà pé kí ọṣẹ má kàn án, nítorí òórùn ọṣẹ lè dúró lára amọ̀ tó ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀ tí iná ti mú dì tó báyìí kì í ṣe àmù tí ń làágùn, omi tó ń wọ inú rẹ̀ kéré púpọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní iyì ìkòkò jẹ́ tíì tó gbẹ mọ́ ara rẹ̀, ewé tí wọ́n sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì yóò bu. Ìdọ̀tí ni. Mo ti ṣí ọmọrí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ rí, tí òórùn rẹ̀ lé mi sẹ́yìn, ó sì dùn mí, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ tó dára gan-an ni.

Mo fẹ́ bọ́ sórí oríṣi ewé nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan nàró lẹ́yìn. Wọ́n ní: "Ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ìkòkò amọ̀ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, orí iná igi ló ń jókòó sí láràárọ̀, kò sì sán. Ẹ ní iná tó sun tiyín yìí le ju tiwa lọ. Ṣé ó lè gbé orí gáàsì nígbà náà?"

Màmá, rárá, ìbéèrè yín sì ni gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ìkòkò ọbẹ̀ yín ní iyanrìn tàbí àfọ́kù lílọ̀ nínú amọ̀ rẹ̀, iná tó sun ún sì rọ̀ ju ti Tokoname lọ, nítorí náà àlàfo kéékèèké kún inú ara rẹ̀. Bí ooru bá fẹ̀ ẹ́, àyè wà, bí ibì kan bá sì là, àlàfo yóò dá ìlà náà dúró. Ti Tokoname fẹ́lẹ́, ó sì dì. Bí ìdí rẹ̀ bá gbóná tí ọrùn rẹ̀ ṣì tutù, ìlà yóò sá tààrà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo ní kí Màmá fi èékánná kan méjèèjì: ti Tokoname dún bí agogo, ìkòkò ọbẹ̀ tí mo gbé wá fún àpẹẹrẹ dún bọ́. Líle rẹ̀ gan-an ni kò jẹ́ kó lè gba iná.

Nítorí náà, inú kẹ́tùlù ni kí omi ti hó. Sencha ń fẹ́ omi ìwọ̀n Celsius 70 sí 80, gyokuro, irú ewé tíì Jàpáànì mìíràn, ń fẹ́ 50 sí 60. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ìkòkò kí ó kọ́kọ́ yá. Bí ẹ bá mu tíì tán, ẹ da ewé nù lójú ẹsẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ yọ èyí tó há sí asẹ́, ẹ sì ṣí ọmọrí kalẹ̀ títí inú rẹ̀ yóò fi gbẹ.

Àkókò ti lọ, mo ní láti sáré. Rọ́bà kékeré tí wọ́n fi bo imú ìkòkò tuntun wà kí ó má baà ṣẹ́ lójú ọ̀nà ni, ẹ yọ ọ́ kúrò, ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí tíì bá ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí bẹkíǹ sódà wà nínú rẹ̀, kí ẹ tó ṣàn án dáadáa. Ẹ má ṣe da mílíìkì sí i, ọ̀rá rẹ̀ yóò wọnú ihò asẹ́, inú ife ni kí mílíìkì ti pàdé tíì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bèèrè bóyá a lè ra ọmọrí mìíràn bí ti àkọ́kọ́ bá fọ́. Ó ṣòro, ọmọ mi. Lẹ́yìn sísun, wọ́n ń fi ìyẹ̀fun tí ń ha nǹkan pẹ̀lú omi sáàárín ọmọrí àti ẹnu ìkòkò, wọ́n á máa yí wọn lórí ara wọn títí wọn yóò fi wọ ara wọn dáadáa, ọmọrí ìkòkò kan kì í sì í sábà bá òmíràn mu. Bí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ọmọrí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé kúrò, ẹ gbé e sórí aṣọ tó nípọn níbi tó jìn sí etí tábìlì, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.