Ìbéèrè Ni Kí Ẹ Dáhùn: Bí A Ṣe Ń Kọ Àròkọ Tó Múná Dóko Nínú Ìdánwò Ìtàn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tó bá wọn wá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìtàn bí ẹni mowó lè gba máàkì tí kò tó nǹkan, nítorí pé gbogbo ohun tó mọ̀ ló kọ, kò sì dáhùn ohun tí wọ́n bi í.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan, ká sì tẹ̀ lé e dópin: "Dé ìwọ̀n wo ni ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá fi jẹ́ okùnfà ìṣubú ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́?" Àfọ̀njá yìí ni olórí ogun Ọ̀yọ́ tó wà ní Ìlọrin. Ká ní ìṣẹ́jú 45 lẹ ní. Ẹ má tíì fi bíró kan ìwé ìdáhùn. Ìṣẹ́jú 6 tàbí 7 àkọ́kọ́, ti títú ìbéèrè ni.

"Dé ìwọ̀n wo" kò ní kí ẹ ròyìn ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá. Ó ní kí ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú àwọn okùnfà mìíràn, kí ẹ sọ èyí tó wúwo jù. Bó bá jẹ́ "ṣàpèjúwe" ni, ìròyìn tó. Bó bá jẹ́ "ṣe àfiwé", ẹ má kọ ọ̀kan tán kí ẹ tó bọ́ sórí èkejì. Inú ìpínrọ̀ kan náà ni kí méjèèjì ti pàdé lórí kókó kan. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ọdún tó wà nínú ìbéèrè pẹ̀lú. Bí wọ́n bá bi yín nípa Jámánì láàrin 1919 sí 1933, ìpínrọ̀ mẹ́ta tó dán mọ́rán lórí Ogun Àgbáyé Kejì kò ní mú máàkì kan wọlé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ìdáhùn yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ní gbólóhùn kan. Fún àpẹẹrẹ: "Ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá mú ìṣubú Ọ̀yọ́ yá, ṣùgbọ́n ìjà agbára láàrin Aláàfin àti àwọn ìjòyè ti sọ Ọ̀yọ́ di ilé tí ikán ti jẹ òpó rẹ̀ kí Àfọ̀njá tó dé." Bí gbólóhùn yìí kò bá tíì jáde, ẹ kò tíì ṣetán láti kọ. Bó bá ti jáde, ẹ to kókó mẹ́ta tàbí mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, kí kókó kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rí méjì: orúkọ, ọdún, ìṣẹ̀lẹ̀. Gbólóhùn yẹn náà ni ọkàn ìfáárà yín. Gbólóhùn mẹ́rin tó fún ìfáárà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí Odùduwà ti fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣòfò.

Inú ìpínrọ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bàjẹ́ jù. Ẹ wo èyí:

"Lẹ́yìn tí Abíọ́dún wàjà ní 1789, Aólẹ̀ jọba. Aólẹ̀ rán ọmọ ogun lọ sí Ìwéré. Wọ́n kọ̀, wọ́n sì yí padà sí i. Aólẹ̀ kú. Àfọ̀njá wá já Ìlọrin gbà kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n "lẹ́yìn náà" ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò sí "nítorí" kankan. Ẹni tó ń máàkì kò lè mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí gbà gbọ́. Ẹ wá wo ohun kan náà bí a bá tún un kọ:

"Ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ àìlera Ọ̀yọ́. Láàrin 1754 sí 1774, Baṣọ̀run Gáà, olórí àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́, ló ń pinnu ẹni tí yóò jọba àti ẹni tí yóò kú. Abíọ́dún ṣẹ́gun Gáà, àmọ́ kò tún àjọṣe ọba àti ìjòyè ṣe. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ ogun yí padà sí Aólẹ̀ ní nǹkan bí 1796, ọ̀nà tí Gáà ti là sílẹ̀ ni wọ́n tọ̀. Àfọ̀njá lo àǹfààní ìtẹ́ tí kò lágbára mọ́. Òun kọ́ ló gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè, ẹ̀rí tẹ̀ lé e, ti ìkẹyìn sì gbé ẹ̀rí padà sórí ìbéèrè. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, mo sì rọ̀ yín gidigidi pé kí ẹ má fò ó, nítorí òun ló ń sọ ìtàn di àlàyé.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ fún èrò tó tako tiyín láyè, kí ẹ sì gbè é dáadáa. Lẹ́yìn Gáà, Ọ̀yọ́ ṣì wà lórí ìdúró. Àfọ̀njá ló pe Àlímì, àlùfáà Mùsùlùmí tó jẹ́ Fúlàní, wá sí Ìlọrin. Àwọn ọmọ ogun tó kó jọ ló padà pa á ní nǹkan bí 1824. Ìlọrin bọ́ sábẹ́ ìjọba Mùsùlùmí ti Ṣókótó, ogun rẹ̀ sì wà lára ohun tó sọ Ọ̀yọ́-Ilé dahoro láàrin 1830 sí 1840. Ọ̀rọ̀ Gáà nìkan kò lè ṣàlàyé ìyẹn. Ibi tí ẹ ti máa yanjú rẹ̀ ni ìyàtọ̀ láàrin okùnfà tó ti pẹ́ àti ohun tó ṣáná sí i. Bákan náà ló rí ní 1914: ìbọn tó pa Franz Ferdinand, àrólé ọba Austria, ní Sarajevo ṣáná sí Ogun Àgbáyé Kìíní, ṣùgbọ́n ẹ̀tù ti wà nílẹ̀.

Ní ti ọdún: bí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ "ní nǹkan bí" tàbí "kí ọ̀rúndún náà tó parí". Ọdún tí ẹ fi àbá kọ tó sì ṣìnà lè da ètò okùnfà yín rú pátápátá. Ẹ yàgò fún "àwọn kan" àti "àwọn èèyàn": ta ni? Ọmọ ogun ni àbí Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè afọbajẹ?

Ẹ ṣọ́ aago. Láti kúrò ní òfo dé ìdajì nínú ìbéèrè kẹta rọrùn púpọ̀ ju láti fi máàkì kan kún àkọ́kọ́ tó ti dára. Bí àkókò bá fẹ́ tán, ẹ kọ kókó tó kù ní gbólóhùn méjì méjì, kí ẹ̀rí wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìdájọ́ yín.

Ìṣẹ́jú 3 ìkẹyìn, ẹ ka gbólóhùn àkọ́kọ́ inú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan nìkan, tẹ̀ léra wọn. Bí wọ́n bá para pọ̀ dáhùn ìbéèrè, ó ti dára. Èyí tó bá kàn ń sọ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, ẹ fi gbólóhùn kan kún ìsàlẹ̀ ìpínrọ̀ rẹ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Èyí fi hàn pé".