Ìpàdé Ojúkojú, ti Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àbí Àmúlùmálà: Èwo Ló Yẹ Iṣẹ́ Yín?

Ẹ wo yàrá ìpàdé yìí dáadáa. Èèyàn mẹ́fà ló jókòó yí tábìlì ká nínú ọ́fíìsì kan ní Yaba. Láptọ́ọ̀pù kan wà ní ìkángun tábìlì: òun ni kámẹ́rà, òun náà ni máìkì. Àwọn méjì wà ní Ìbàdàn, ẹnì kan wà ní London, tí wọ́n ń bá ìpàdé náà lọ láti orí ẹ̀rọ wọn. Kí ni wọ́n ń rí? Àjà, fáànù tó ń yí, àti ìdajì orí ọ̀gá tó sún mọ́ láptọ́ọ̀pù. Kí ni wọ́n ń gbọ́? Ohùn ọ̀gá ketekete, ariwo fáànù, àti ohùn àwọn márùn-ún yòókù tó ń kùn lókèèrè bí oyin. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ẹnì kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí wọn: "Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ṣé ẹ ní nǹkan kan í sọ?" Wọ́n á ní rárá o, kò sí.

Irú ìpàdé yẹn là ń pè ní àmúlùmálà: àwọn kan wà ní yàrá, àwọn kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló máa ń mú un torí wọ́n rò pé tọ̀tún tòsì ló máa tẹ́ lọ́rùn. Òun gan-an ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló sì gba ìmúra jù. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó ronú kan Zoom tàbí yàrá, ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbólóhùn yìí: "Tí ìpàdé yìí bá parí, a ó ti..." Ẹ wá parí ẹ̀. Tó bá jẹ́ "a ó ti fi tó àwọn òṣìṣẹ́ létí pé owó oṣù máa wọlé lọ́jọ́ báyìí", ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpàdé. Ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp tàbí ímeèlì. Èèyàn mẹ́jọ tó jókòó fún wákàtí kan, wákàtí iṣẹ́ mẹ́jọ ló bá a lọ, odindi iṣẹ́ òòjọ́ ẹnì kan. Àmọ́ tó bá jẹ́ "a ó ti pinnu", "a ó ti parí ìjà", "a ó ti rí ibi tí ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́", ìpàdé dé nìyẹn. Irú ohun tó wà nínú gbólóhùn náà ló máa sọ irú ìpàdé tí ẹ máa ṣe.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìjà láàárín òṣìṣẹ́ méjì, ọ̀rọ̀ ìbáwí, sísọ fún ẹnì kan pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àdéhùn owó ńlá pẹ̀lú oníbàárà tí ẹ ò tí ì mọ̀ rí: ojúkojú ni kí ẹ ṣe gbogbo wọn. Bákan náà ni ohun tó gba pé kí a fọwọ́ kàn án, bí àpẹẹrẹ aṣọ tàbí àwòrán ilé tó tẹ́ gba orí tábìlì. Òṣìṣẹ́ tuntun náà yẹ kó kọ́kọ́ rí àwọn tí wọ́n á jọ máa ṣiṣẹ́ lójúkojú, torí ẹni tí a bá ti jọ jẹun ọ̀sán rí, ó rọrùn láti bi í ní ìbéèrè lórí fóònù.

Ìdí tí ojúkojú fi lágbára nìyí. Bí èèyàn bá jókòó papọ̀, àlàfo tó máa ń wà láàárín ìgbà tí ẹnì kan dákẹ́ àti ìgbà tí ẹlòmíì gba ọ̀rọ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú ń rí ẹni tó fẹ́ mí kó tó sọ̀rọ̀, ẹni tó fà síwájú, ẹni tó gbé ojú kúrò nígbà tí wọ́n dárúkọ owó. Ẹ fi àlàfo kékeré yẹn sọ́kàn, torí òun ló ń ba àmúlùmálà jẹ́.

Ẹ̀wẹ̀, ojúkojú kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ká ní èèyàn mẹ́rin ló ń bọ̀ ní Yaba, tí kálukú lo wákàtí méjì nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní àlọ, àti méjì ní àbọ̀. Wákàtí mẹ́rìndínlógún ti lọ sójú ọ̀nà nítorí ọ̀rọ̀ wákàtí kan. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọníyà dé Ẹbúté Mẹ́tta, ọ̀nà tó gùn tó 157 kìlómítà, àmọ́ aago tí ọkọ̀ bá gbéra ni ìpàdé yín gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, kì í ṣe ìdàkejì rẹ̀. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé bí àkókò ìrìn bá ju ìlọ́po méjì àkókò ìpàdé lọ, ẹ kó ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ sí ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ fi sí aago mẹ́wàá àárọ̀ tàbí mọ́kànlá, kí èèyàn má bàa jí ní aago mẹ́rin òru torí yín. Ẹ má sì fi ìpàdé sí ọ̀sán Jímọ̀. Àwọn tó fẹ́ lọ kírun kò ní bẹ̀ yín, wọ́n kàn máa jókòó tí ọkàn wọn ò ní sí níbẹ̀.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì dára fún ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó ní ìbéèrè nínú, fún yíyẹ ìwé tàbí ìṣirò wò lójú kan náà, àti fún àwọn tó wà káàkiri. Kó má ju èèyàn mẹ́wàá lọ tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ pinnu nǹkan. Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já ní ogójì ìṣẹ́jú, Google Meet ọ̀fẹ́ máa ń já ní ọgọ́ta tí èèyàn bá ti tó mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ ṣètò ìpàdé Zoom ọ̀fẹ́ fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì, kí ẹ sì fi márùn-ún tó gbẹ̀yìn ka ohun tí ẹ pinnu. Àwọn tí Zoom já lẹ́nu ìpinnu, wọn kì í sábà padà wá pé.

Ọ̀rọ̀ dátà ńkọ́? Fídíò tó mọ́ láàárín èèyàn méjì lórí Zoom ń gba nǹkan bí 600 kbps (kílóbíìtì 600 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) ní àlọ, 600 ní àbọ̀. Ẹ ṣe ìṣirò wákàtí kan, ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 540 MB. Ohùn nìkan, tó bá jẹ́ 80 kbps ní àlọ àti àbọ̀, kò ju nǹkan bí 72 MB lọ. Ìyàtọ̀ yẹn pọ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà. Kí gbogbo èèyàn tan kámẹ́rà fún ìkíni, kí wọ́n wá pa á, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan tan tirẹ̀. Tí ilé-iṣẹ́ bá sì ní kí kámẹ́rà wà ní títàn, kí ilé-iṣẹ́ san owó dátà.

Iná ni èkejì. Bí NEPA bá mú iná lọ, láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Wi-Fi kò ní. Kódà bí jẹnẹrétọ̀ bá tàn kíákíá, ẹ̀rọ yẹn máa tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì lè lo ìṣẹ́jú kan sí méjì kí íntánẹ́ẹ̀tì tó padà. Ẹ ra UPS kékeré tí wọ́n ń ṣe fún un, ìyẹn bátìrì tí kì í jẹ́ kó kú bí iná bá lọ. Kí ẹ tó rà á, ẹ yí ẹ̀rọ Wi-Fi náà dojú bolẹ̀, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: ọ̀pọ̀ ń lo fóltì 12, àwọn kan ń lo 9 tàbí 5. Ó gbọ́dọ̀ bá a mu. Bó bá jẹ́ hotspot fóònù lẹ ń lò, ẹ lo síìmù tí ẹnikẹ́ni kì í pè, torí lórí ọ̀pọ̀ fóònù, tí ìpè bá ti wọlé, dátà á dúró tàbí kó fà.

Àkókò náà ń tan ni jẹ. Nàìjíríà kì í yí aago. Láti ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta dé ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, aago kan náà la jọ ń lò pẹ̀lú London. Ìyókù ọdún, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. New York ń tẹ̀lé wa ní wákàtí márùn-ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, mẹ́fà nígbà òtútù, ọjọ́ tí wọ́n sì ń yí aago kì í ṣe ọjọ́ tí London ń yí i. Kùtọnu bá wa dọ́gba. Lomé fi wákàtí kan tẹ̀lé wa. Nínú ìkéde ìpàdé, ẹ máa kọ orúkọ ìlú tẹ̀lé aago.

Ó wá ku àmúlùmálà. Ẹ kọ́kọ́ ka iye àwọn tó wà lókèèrè. Tí wọ́n bá tó ìdajì, ẹ gbàgbé yàrá: kí gbogbo yín wọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kálukú ní ìdí tábìlì rẹ̀, pẹ̀lú íyápíìsì létí. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá wà lókèèrè, tí ọ̀rọ̀ tó kàn án kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pè é lórí fóònù nígbà tó bá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àmúlùmálà wà fún ibi tí ọ̀nà méjèèjì yìí kò ti ṣeé ṣe.

Ohùn ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kì í ṣe àwòrán. Máìkì láptọ́ọ̀pù dára fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀, bíi mítà kan. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ jíjìnnà yẹn di ìlọ́po méjì, ohùn èèyàn máa fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ohùn) mẹ́fà dínkù, àmọ́ ariwo fáànù kò dínkù. Ìdí nìyẹn tí ohùn àwọn ará ẹ̀yìn fi ń rì. Ẹ gbé máìkì ìpàdé tó ń lo USB sí àárín tábìlì gan-an. Bí kò bá sí owó, ẹ fi fóònù kan wọ ìpàdé náà, ẹ gbé e sí àárín tábìlì, kó jẹ́ òun nìkan ni máìkì àti sípíkà fún gbogbo yàrá.

Òun nìkan, a tún un sọ. Bí ẹ̀rọ méjì bá la máìkì àti sípíkà sílẹ̀ nínú yàrá kan, ohùn tó jáde lára ọ̀kan á wọ èkejì, á tún padà, títí yóò fi máa han gooro. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ nínú yàrá kó wọlé láìsí ohùn: lórí Zoom, kó má tẹ "Join Audio", lórí Google Meet, kó mú "Companion mode".

Ẹ gbé kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀rọ tí àwọn ará òkèèrè ti ń hàn, ní ìwọ̀n gíga ojú ẹni tó jókòó. Ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń wò wọ́n, kámẹ́rà náà ló ń wò. Ohun tí ẹ bá kọ sára pátákó, wọn kò ní rí i, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú ìwé orí ẹ̀rọ tí gbogbo yín ṣí.

Ẹ tún rántí àlàfo kékeré yẹn. Ohùn ará Ìbàdàn gbọ́dọ̀ rin ìrìn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó dé Yaba. Nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ tó wà nínú yàrá bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹlòmíì ti gba ọ̀rọ̀. Kì í ṣe ojo, kì í sì ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ kò kàn kàn án ni. Àfi kí alága máa pè é lórúkọ. Ẹ yan ẹnì kan nínú yàrá, kó má jẹ́ alága, kó má jẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo ojú ẹ̀rọ: ta ló nawọ́, ta ló kọ nǹkan sílẹ̀. Kó lẹ́nu láti dá ọ̀gá dúró pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ìbàdàn fẹ́ sọ̀rọ̀."

Kí àwọn tó wà lókèèrè kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù nínú yàrá. Ọ̀gá ni kó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Nílẹ̀ wa, bí ọ̀gá bá ti sọ tirẹ̀, ta ló máa sọ pé ọ̀nà yẹn ò dáa?

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ìpàdé, kí ẹnì kan jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀ pẹ̀lú fóònù àti íyápíìsì, kí ẹlòmíì máa jókòó sórí àga kọ̀ọ̀kan, kó máa ka oṣù ọdún. Àga tí ohùn rẹ̀ kò bá dé ọ̀ọ̀dẹ̀, ẹ sún un mọ́ máìkì tàbí kí ẹ gbé e kúrò. Tí ẹ bá sì fẹ́ gba ohùn ìpàdé sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ fún gbogbo èèyàn. Ohùn àti àwòrán wọn wà lábẹ́ òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023. Ìpàdé gbogbogbòò àwọn onípìn-ín náà lè wáyé lórí ẹ̀rọ. Òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 kọ́kọ́ gbà á fún ilé-iṣẹ́ aládàáni, wọ́n sì ti fẹ̀ ẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé òfin ilé-iṣẹ́ yín kí ẹ tó pè é.

Ìkéde tó pé nìyí, fún ìpàdé inú oṣù Kọkànlá: "Ìpàdé Ọjọ́bọ̀, aago mọ́kànlá àárọ̀ Èkó, aago mẹ́wàá London. Ojúkojú ní Yaba; ẹnì kan láti London lórí ẹ̀rọ. A fẹ́ pinnu ẹni tí a máa ra ínfátà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ka iye owó mẹ́ta tó wà nínú ìwé yìí kí ẹ tó dé. A ó parí ní aago méjìlá." Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kí ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn lè ráyè ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin.