Ẹsẹ̀ Ń Dùn Yín Nítorí Eré Sísá? Ẹ Wo Èyí Kẹ́ Ẹ Tó Gbé Oògùn Mì

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àdúgbò Tanke ní Ìlọrin nìyí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbáà tán ni. Ẹ má wo ti ariwo ọ̀kadà tó ń kọjá lẹ́yìn mi. Láti ìgbà tí mo ti gbé fídíò bàtà síta, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí: "Kóòṣì, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ eré, gbogbo ara ló ń ro mí, ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni?" Ẹ tún bi mí lánàá. Lónìí, mo fẹ́ dáhùn ẹ̀ tán.

Ẹ jókòó, ẹ bọ́ bàtà. Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà.

Ẹ fi ìka kan tọ́ka sí ibi tó ń dùn yín. Ìka kan ni mo wí o. Tó bá jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lẹ gbé lé e, tẹ́ ẹ ń ní "gbogbo itan ni, gbogbo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ni", tó sì jẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, ara ríro lásán nìyẹn. Iṣan tí kò ṣiṣẹ́ rí lẹ mú lọ sóko. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ máa rìn káàkiri, ẹ má sùn tì í. Ẹni tó jókòó sójú kan ló máa ń gan.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orí egungun, tí ìka kan bo ibẹ̀, tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ tẹ́ ẹ fò sókè, ìyẹn kì í ṣe ara ríro. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Ojúgun ló kàn. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi dáadáa. Egungun rèé. Etí ẹ̀ tó wà lápá inú, láti àárín lọ sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni ó máa ń dun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ló fà á? Lọ́jọ́ kìíní, ẹ sáré láti Òkè-Odò dé ẹnu géètì Yunifásítì láìdúró, nítorí pé èémí yín gbé e. Eré tètè máa ń mọ́ èémí lára, egungun kò yá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un láyè. Eré ìṣẹ́jú kan, ìrìn ìṣẹ́jú méjì, lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ fi ọjọ́ kan sáàárín. Tẹ́ ò bá lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀ geere bẹ́ ẹ ṣe ń sáré, ẹ ti yá jù.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ fún yín. Ẹ wo títì yìí. Àárín ẹ̀ ga, etí ẹ̀ dẹ̀gbẹ́ kí omi òjò lè ṣàn sí gọ́tà. Ẹni tó bá ń sáré ní etí kan náà lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ kan ló máa ń wà nísàlẹ̀ ju èkejì lọ. Èèyàn mélòó ni mo ti bi pé "ẹsẹ̀ wo?", tí wọ́n ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo! Níbi tí mọ́tò kò bá pọ̀ sí, ẹ wá ibi tó tẹ́jú. Ilẹ̀ pupa ẹ̀gbẹ́ títì dára, tí kò bá ti ní kòtò.

Ó yá, ògiri. Ọgbọ́n mi gan-an nìyí, ẹ wò ó dáadáa. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, mo gbé gìgísẹ̀ síwájú tó ìwọ̀n bàtà kan. Orúnkún nà tàntàn. Gìgísẹ̀ wà nílẹ̀, mo gbé iwájú ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, báyìí, mo sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó já lulẹ̀ gbà! Ẹ kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, kó tó kan ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún. Á máa gbóná níbí, níwájú ojúgun. Ohun tí mò ń wá nìyẹn. Láti 2009 ni mo ti ń sáré, n kì í pa ti ògiri yìí jẹ ní òwúrọ̀, ojúgun kò sì tíì dá mi dúró rí.

Tó bá ti ń dùn yín, ẹ wé píọ́ wọ́tà tó dì mọ́ inú táwẹ́ẹ̀lì, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kó má fara kan awọ ara. Ti gìgísẹ̀, èyí tó máa ń gún bí abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ láàárọ̀, ìgò rọ́bà omi dídì ni. Ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i lọ yí i bọ̀.

Orúnkún ńkọ́? Ẹ gé ìgbésẹ̀ yín kúrú. Ẹ má sì tíì sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kankan, àní Òkè Sóbì.

Ẹnìkan ní ẹ̀gbẹ́ ń gún òun. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ mí kanlẹ̀. Ẹni tó mu kókó tán kó má dìde sáré, ó kéré tán kó tó wákàtí méjì.

Ohun tó ń bí mi nínú rèé: kẹ́ ẹ gbé oògùn ara ríro mì kẹ́ ẹ tó jáde kí ẹsẹ̀ má bàa dùn yín lọ́nà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìrora ló ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ sì fi aṣọ dí i lẹ́nu! Irú ibuprofen yẹn tún ń ni kíndìnrín lára nígbà tí omi ara bá ti gbẹ, ẹ sì mọ oòrùn oṣù Kẹta ní Ìlọrin. Ọmọkùnrin kan tí mò ń kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n tún fi ìpara tó ń ta bí ata fà á fún un nílé. Nígbà tí wọ́n ya X-ray, egungun ojúgun ti sán. Oṣù mẹ́ta ni kò fi sáré. Mo ṣì máa ń rí ojú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ ojú kan lórí egungun, tó ń dùn yín lóru tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀, tàbí tẹ́ ò lè fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan fò lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró. Ẹ má fà á, ẹ má sáré kankan, ẹ lọ rí dókítà.

Mo fẹ́ ṣe ti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà, lórí àtẹ̀gùn, àmọ́ àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń pè mí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ, ìṣẹ́jú kan eré, méjì ìrìn.