Ta ló wa ọkọ̀ náà? Ìmọ̀ Ọlọ́run àti yíyàn ọmọ ènìyàn

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú àwọn àgbà àti ọ̀dọ́ kan ní Ìbàdàn ní ọ̀sán Sátidé kan. Mo tún un tò díẹ̀ kó lè rọrùn láti kà, mo sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ìbéèrè mọ́ ọn, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ èmi náà lẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́.

Ibi òkú ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ fún mi. Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà tí àbúrò bàbá mi kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Òṣogbo. Ọkọ̀ akérò ni. Búréèkì rẹ̀ kò mú mọ́, mẹkáníìkì sì ti sọ fún awakọ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú pé kó má ṣe gbé e jáde. Ó gbé e jáde. Nígbà tí a sin òkú tán, gbogbo ẹni tó wá kí wa, gbólóhùn kan náà ló ń ti ẹnu wọn jáde: "Bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ má bá Ọlọ́run jà." Bàbá mi ń mi orí, ó ń ní wọ́n ṣeun. Èmi kò lè mi orí, torí mo ti gbọ́ ti mẹkáníìkì. Bó bá jẹ́ Ọlọ́run ló kọ ọ́, kí ni mẹkáníìkì ń wí nígbà náà? Bó bá sì jẹ́ awakọ̀ ló fà á, kí ló dé tí Ọlọ́run fi wò ó níran?

Ẹ má jẹ́ ká fojú kéré ìbéèrè yìí. Ọlọ́run mọ ohun tó ti kọjá, ó mọ èyí tó wà nílẹ̀, ó mọ èyí tó ń bọ̀. Kí wọ́n tó bí awakọ̀ yẹn, kí wọ́n tó bí baba tó bí i, Ọlọ́run ti mọ̀ pé ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀hún, yóò ki kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀. Ìmọ̀ Ọlọ́run kì í tàsé. Ṣé awakọ̀ yẹn wá lè sọ pé "n kò lọ mọ́"? Bó bá lè sọ bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé ó lè sọ ìmọ̀ Ọlọ́run di irọ́, kò sì sí ẹ̀dá tó tó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá lè sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi wo la fẹ́ dá a? Ẹni tí a dì lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ tí a jù sódò, a kì í bá a wí pé ara rẹ̀ tutù.

Ọkùnrin kan wà láàárín àwọn ará Róòmù tí wọ́n ń pè ní Boethius. Ìjòyè ńlá ni lábẹ́ Ọba Theodoric, kí wọ́n tó fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án, tí wọ́n tì í mọ́lé, tí wọ́n sì pa á ní nǹkan bí ọdún 524. Inú àhámọ́ yẹn ló ti kọ ìwé tó fi bá ìbéèrè wa yìí jìjàkadì. Mo máa ń fetí sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ikú dúró dè lẹ́nu ọ̀nà kò ráyè fọ̀rọ̀ dárà.

Èrò rẹ̀ rèé, mo fi ẹnu tiwa sọ ọ́. Bí mo bá rí ọmọkùnrin tó wà nídìí fèrèsé yẹn pé ó jókòó, dandan ni kó jẹ́ pé ó jókòó lóòótọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ n kò rí i. Ṣùgbọ́n ojú mi kọ́ ló mú un jókòó. Òun ló fi ìdí ara rẹ̀ jókòó, ojú mi ló wá bá a níbẹ̀. Ó tún ní ká wo oòrùn tó ń yọ, ká sì wo ọkùnrin tó ń rìn lọ lójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kan náà lo rí àwọn méjèèjì. Oòrùn kò lè ṣàì yọ. Ọkùnrin yẹn lè jókòó sílé rẹ̀. Pé o rí àwọn méjèèjì lójú kan náà kò sọ ọkùnrin di oòrùn.

Wàyí o, ẹnì kan lè ní ohun tó wà nílẹ̀ ni èmi rí, Ọlọ́run ní tiẹ̀ rí ọ̀la. Boethius ní ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣì í. Ọlọ́run kò dúró sínú ọjọ́ bí tiwa, kó máa retí ọ̀la. Ẹni tó bá ti gun Ilé Ìṣọ́ Bower lórí Òkè Àrẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé e. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn kọ́nà. Ẹni tó wà lókè ń wo ọkọ̀ tó ti kọjá àti èyí tó ń bọ̀ pa pọ̀. Ọlọ́run kò fi ojú wá ọ̀la kiri. Gbogbo ọjọ́ ló tẹ́ síwájú rẹ̀ bí ẹní. Ohun tí awakọ̀ yàn ni Ọlọ́run rí. Rírí Ọlọ́run kọ́ ló yàn án fún un. Ká ní ó yàn láti dúró sílé, ìdúró rẹ̀ ni Ọlọ́run ìbá ti rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, irọ́ kankan kò sì ní wọ inú ìmọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn baba wa ń ki Ọlọ́run ní Arínúróde, Olùmọ̀ràn ọkàn, ojú àti ìmọ̀ ni wọ́n ń sọ. Rírí ni wọ́n wí. Wọn kò wí pé ó ń tini.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìdajì ìbéèrè la dáhùn. Ẹni tó dúró lórí Òkè Àrẹ̀ kò la ọ̀nà, kò ṣe ọkọ̀, kò dá awakọ̀. Ọlọ́run kì í ṣe òǹwòran. Àwọn baba wa kan náà tó pè é ní Arínúróde ló pè é ní Alèwílèṣe. Ẹni tó bá lè wí kó lè ṣe, tó rí ọkọ̀ tí kò ní búréèkì, tí kò wí, tí kò ṣe ńkọ́? Èyí ló le jù. Mo rí ọ̀pọ̀ oníwàásù tó máa ń sáré kọjá níbẹ̀, tí wọ́n á fi àlàyé orí ìmọ̀ dáhùn ìbéèrè tó jẹ́ ti agbára. Ohun méjì ni.

Láàárín àwọn Kátólíìkì ilẹ̀ Sípéènì, ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà ńlá sílẹ̀. Lọ́dún 1588, àlùfáà kan láti inú ẹgbẹ́ Jésúìtì, Luis de Molina, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Lisbon. Domingo Báñez àti àwọn ará Dòmíníkánì, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì mìíràn, dìde sí i. Ní ti Báñez, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń mú kí ọkàn ènìyàn ṣí síbi tó ṣí sí, ọkàn náà sì wà lómìnira síbẹ̀. Molina ní òmìnira wo ló kù nígbà náà? Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí Róòmù. Ọdún mẹ́wàá gbáko, láti 1597 sí 1607, ni wọ́n fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Níkẹyìn Póòpù Paul Karùn-ún ní kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ṣe pe ẹnì kejì ní aládàámọ̀, pé òun yóò kéde ìdájọ́ nígbà tó bá yẹ. Títí dòní, ìdájọ́ náà kò jáde.

Ọ̀rọ̀ kékeré mẹ́ta wà nínú èdè wa tó jẹ́ kí n lóye Molina: *lè*, *ìbá*, *yóò*. Ọlọ́run mọ gbogbo ohun tó *lè* ṣẹlẹ̀. Ìyẹn kò mọ níwọ̀n. Ó tún mọ ohun tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan *ìbá* fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn bí a bá fi í sí ibi báyìí, lọ́jọ́ báyìí. Lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti rí *lè* àti *ìbá* ló tó pinnu ayé tí òun máa dá, ibẹ̀ ló sì ti mọ ohun tó *yóò* ṣẹlẹ̀. *Ìbá* tó wà láàárín yẹn ni gbogbo ìjà náà dá lé lórí. Nípa rẹ̀, Molina ní, Ọlọ́run lè di ọba lórí ohun gbogbo láìfi ọwọ́ gbé ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń mú wá fún un wà nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 23. Dáfídì àti nǹkan bí 600 ọkùnrin wà nínú ìlú Keila. Ó gbọ́ pé Sọ́ọ̀lù ń pète láti wá ká òun mọ́. Ó bi Ọlọ́run: ṣé Sọ́ọ̀lù máa wá? Ọlọ́run ní á wá. Ṣé àwọn ará ìlú yìí máa fà mí lé e lọ́wọ́? Ọlọ́run ní wọ́n á fà ọ́ lé e lọ́wọ́. Kí ni Dáfídì ṣe? Ó kó àwọn èèyàn rẹ̀, ó jáde níbẹ̀. Sọ́ọ̀lù gbọ́, kò wá mọ́. Àwọn ará Keila kò fa ẹnikẹ́ni lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ tún un kà nílé. Ohun tí Ọlọ́run mọ̀ pé ìbá ṣẹlẹ̀ kò ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run kò sì purọ́. Ìmọ̀ Ọlọ́run tí mo ti rò pé ó ti ìlẹ̀kùn pa, òun gan-an ló ṣí i fún Dáfídì.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, tí mo sì rántí ikú ilé wa, mẹkáníìkì ni mo rí. "Má gbé e jáde." Ọ̀rọ̀ Keila ni wọ́n sọ fún awakọ̀ yẹn.

Àwọn alátakò Molina bi í pé ta ló wá fi *ìbá* yẹn síbẹ̀, nígbà tí a kò tíì dá ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Ìbéèrè tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. N kò rò pé ó dáhùn rẹ̀ tán.

Ilé tiwa náà ti ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Onígbàgbọ́ ni mí, n kò sì fi ẹsẹ Ifá ṣe Bíbélì, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni ọgbọ́n ń jẹ́. Nínú Ogbè Ògúndá, Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Oríléèmèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà lọ yan orí nílé Àjàlá, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ orí lọ́run, kí wọ́n tó wáyé. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá Àjàlá nílé, wọ́n yan èyí tó wù wọ́n lójú. Orí náà kò jiná; òjò pa á lọ́nà, ó ń họ. Afùwàpẹ́ ní tiẹ̀ ti rúbọ. Ó fún oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀ ní iyọ̀, ó bá Àjàlá san gbèsè tó ń sá pamọ́ fún, Àjàlá fúnra rẹ̀ ló sì bá a mú orí tó dára. Nígbà tí àwọn méjì yòókù rí bí ayé ṣe gún fún un, wọ́n ní àwọn kò mọ ibi tí olórí ire ti yan orí. Ó ní ibì kan náà la ti yàn án, kádàrá ò papọ̀ ni.

Ẹ kíyè sí i pé *kádàrá* tó wà lẹ́nu Ifá yẹn, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni, àwọn Mùsùlùmí ló mú un dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ti ilé kan wọ ilé kejì láàárín wa tipẹ́.

Bọ́lájí Ìdòwú, onímọ̀ nípa ẹ̀sìn Yorùbá, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1962, ya mẹ́ta sọ́tọ̀: àkúnlẹ̀yàn, ohun tí a kúnlẹ̀ yàn, àkúnlẹ̀gbà, ohun tí wọ́n fún wa ní ìkúnlẹ̀, àyànmọ́, ohun tí wọ́n yàn mọ́ wa. Níbi òkú, ẹ̀kẹta nìkan la máa ń rántí. Ifá kan náà sì sọ pé gbogbo orí pàdé, wọn kò pe Ẹsẹ̀, tó dúró fún ìsapá wa, sí ìpàdé náà, àfi ìgbà tí wọ́n rí i pé ìpinnu wọn kò lè yọrí láìsí Ẹsẹ̀. Ta ló ń sọ ìyẹn fún àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú?

Ohun tí mo gbà nípa Alèwílèṣe ni pé *jẹ́ kí* àti *fẹ́ kí* kì í ṣe ọ̀kan náà. Baba tó bá fún ọmọ rẹ̀ ní oko, tó tún ń di ẹ̀kù ọkọ́ mú mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà gbogbo, kò tíì fún un ní oko. Ọlọ́run fún wa lóko. Agbára rẹ̀ ló tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè dá ẹni tó lè kọ̀ fún un, kó má sì jẹ́ pé ìkọ̀ yẹn ló máa borí níkẹyìn. 

Nígbà ìbéèrè, Àáfà kan tó jókòó níwájú dìde, ó ní òun kò ní ìbéèrè, ẹ̀rí lòun ní. Ó ní nígbà tí Ọ̀gá wa Umar, kálífà kejì àwọn Mùsùlùmí, ń lọ sí ilẹ̀ Síríà, ní nǹkan bí ọdún 639, wọ́n gbọ́ ní Sargh, ibì kan lójú ọ̀nà, pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níwájú. Umar ní kí wọ́n padà. Abu Ubaida, olórí ogun rẹ̀ ní Síríà, bi í pé, ṣé kádàrá Ọlọ́run lẹ ń sá fún ni? Umar ní bẹ́ẹ̀ ni, à ń sá kúrò nínú kádàrá Ọlọ́run bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́run. Ó ní bí o bá ní ràkúnmí, tí o sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì tí apá kan rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí apá kejì gbẹ, èyí tí o bá dà wọ́n sí, ṣé kì í ṣe nínú kádàrá Ọlọ́run lo ti dà wọ́n? Àáfà ní Abu Ubaida padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun rẹ̀, àrùn náà sì pa á. Ó jókòó. N kò lè fi nǹkan kan kún un.

Ìyá àgbà kan ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, gbogbo ohun tí o wí ni mo gbọ́. Àbúrò bàbá rẹ tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, kí ni òun yàn?"

Mo ní, "Ìyá, ó yàn láti wọkọ̀ ni, kò mọ̀ pé búréèkì kò mú. Ohun tí ẹnì kan yàn máa ń wó lu ẹlòmíràn. N kò ní ìdáhùn tó lè mú ìyẹn fúyẹ́." 

Wọ́n mi orí. Wọ́n wá ní, "Awakọ̀ náà ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ pé òun lè dúró?"

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún wọn ohun tí n kò ní lọ́kàn láti sọ. Awakọ̀ kú pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kọ́ńdọ́ rẹ̀, ẹni tó ń gba owó ọkọ̀, yè é. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo rí i ní gáréèjì. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ ti kún, ọ̀gá òun kò tètè ṣáná sí i. Ó jókòó, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi òun pé, "Ṣé ká kó owó wọn padà fún wọn?" Òun ní, "Ọ̀gá, bí ẹ bá ṣe wí." Ó tún jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo kọ́kọ́rọ́ náà.