Èkó Lórí Kánfáàsì: Ilà, Àlàfo àti Ọyẹ́ Nínú Àwòrán Afòyemọ̀

Ẹ jẹ́ ká gba orí afárá Third Mainland wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1990 ló ti wà lójú ọ̀sà, ó gùn tó kìlómítà 11.8, ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló sì ti yà á tòpótòpó, tọkọ̀tọkọ̀. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwòrán afòyemọ̀. Nínú afòyemọ̀, a ó yọ afárá kúrò, a ó sì fi ohun tó ń ṣe sí ojú wa sílẹ̀: ilà gígùn tó ń tẹ̀, ọkọ̀ tó ń sáré tó tún dúró gbagidi, ọyẹ́ tó gbé ilé ọ̀kánkán mì.

Piet Mondrian, ayàwòrán afòyemọ̀ ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, dé New York ní 1940. Ní 1942 sí 1943 ló ya Broadway Boogie Woogie, sẹ̀ǹtímítà 127 ní òró àti ní ìbú. Kò sí ilé níbẹ̀, kò sí mọ́tò. Ilà yẹ́lò ló là á já, tí igun mẹ́rin kéékèèké pupa, búlúù àti aláwọ̀ eérú ń já wọn sí wẹ́wẹ́, tí ojú kò fi ráyè sinmi. Ní New York yìí, téèpù aláwọ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́ kánfáàsì, tí á máa sún un kiri títí ilà á fi bọ́ síbi tó fẹ́. Ẹ jí ọgbọ́n téèpù yẹn lò, ṣùgbọ́n ẹ má jí ilà rẹ̀. Òpópónà Manhattan, àárín gbùngbùn New York, ló gún régé bí ojú aṣọ òfì. Èkó kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú kánfáàsì sẹ̀ǹtímítà 90 sí 120, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì ní jẹ́sò, ìyẹn ọ̀dà funfun tí a fi ń tẹ́ ojú kánfáàsì, kí ẹ sì fi sáńpépà ha á láàárín ìkùn méjèèjì. Ẹ fi àwọ̀ eérú tẹ́ ilẹ̀. Kí ẹ tó wá lẹ téèpù bébà, ẹ ronú sí àlàfo tó wà láàárín ilà sí ilà, torí àlàfo ni ìrìn. Níbi tí gòsíló bá wà, sẹ̀ǹtímítà 1 tó. Níbi tí ọ̀nà bá là, ẹ sún un dé 9. Bí gbogbo àlàfo bá dọ́gba, ọgbà ilé lẹ yà, kì í ṣe ọ̀nà.

Ọ̀dà ákírílíìkì, ọ̀dà olómi tó máa ń yára gbẹ, máa ń yọ́ wọ abẹ́ téèpù, etí ilà á sì rí wúruwùru. Ẹ kọ́kọ́ fi àwọ̀ ilẹ̀ yẹn gan-an kun etí téèpù kó dí ihò, kó gbẹ, kí ẹ tó kun àwọ̀ tuntun lé e. Ẹ ṣí téèpù nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù díẹ̀. Yẹ́lò dánfó ní wàhálà tirẹ̀: kì í bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Lórí dúdú, ńṣe ló ń di bí ewé. Funfun ni kó kọ́kọ́ lọ sábẹ́. Fún eré ọkọ̀, káàdì báǹkì tó ti kú ló dára jù: ẹ fi fa ọ̀dà tútù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá padà fà á lẹ́ẹ̀kejì ti po ẹrọ̀fọ̀.

Ọyẹ́ ló máa ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ jẹ́. Wọ́n á da búráùn bo gbogbo rẹ̀, àwòrán á sì kàn dọ̀tí. Ọyẹ́ kì í ṣe àwọ̀ búráùn. Ohun tó ń ṣe ni pé dúdú ọ̀kánkán kò dúdú mọ́, funfun ibẹ̀ náà ò funfun mọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nítòsí wa dúró bó ṣe wà. Nítorí náà, ẹ po ṣíbí 1 funfun tí ẹ fi àwọ̀ amọ̀ bíńtín sí mọ́ ṣíbí 9 mídíọ̀mù ákírílíìkì, ìyẹn oje aláìláwọ̀ tí a fi ń la ọ̀dà. Ẹ fi bo apá òkè nìkan, níbi tí ọ̀kánkán wà, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Ẹ má fi omi rọ́pò mídíọ̀mù: bí omi bá pọ̀ jù, ohun tó ń di ọ̀dà mú á rọ, ọ̀dà á sì máa bọ́ bí ẹfun mọ́ni lọ́wọ́. Nígbà ọyẹ́ gan-an, ákírílíìkì ń gbẹ lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ fi aṣọ tútù bo àwo ọ̀dà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, kí ẹ yí i sí dúdú-àti-funfun. Bí dúdú òkè bá ṣì le tó ti ìsàlẹ̀, ọyẹ́ kò tíì dé. Ẹ tún un bò lẹ́ẹ̀kan sí i.